Kòkòrò Inú Àgbàdo: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ìgbà Tí Ọwọ́ Wa Lè Tẹ̀ Ẹ́

Ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ fi ń bọ́ ilé. Ní ọdún 2016 ni ìròyìn kọ́kọ́ jáde pé kòkòrò fall armyworm, tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti wọ oko àgbàdo ní Nàìjíríà. Ẹlòmíràn a fín oògùn títí, kòkòrò kò ní kú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpele mẹ́rin ni ayé kòkòrò yìí pín sí, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni oògùn ń bá.

Èkínní ni ẹyin. Àfòpiná abo a máa yé ẹyin bí 100 sí 200 papọ̀ sára ewé, a sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí òwú. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, wọ́n á pa.

Èkejì ni ìdin, òun nìkan ni ó ń jẹ àgbàdo. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò máa bọ́ awọ, tí yóò sì máa tóbi sí i. Àmì tó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀; àmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ó bá kéré, ojú ewé ni ó ń họ. Bí ó bá dàgbà, a wọ inú ọ̀mùnú lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ a dí ọ̀nà, oògùn kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà yìí gan-an ni ó ń jẹun jù.

Ẹ̀kẹta, a já bọ́ sílẹ̀, a wọ inú erùpẹ̀, a sì dì sínú èèpo pupa rúsúrúsú, láìjẹun, láìrìn. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 8 tàbí 9, ẹ̀kẹrin a dé: àfòpiná a jáde, a sì fò ní òru lọ yé ẹyin sí oko mìíràn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ máa yẹ oko wò lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹyin fọ́. Bí ẹ ó bá fín oògùn, kí ó jẹ́ nígbà tí ìdin ṣì kéré, ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kéde rẹ̀ fún ìjọ.

Ìwé Jóẹ́lì sọ ìlérí Olúwa láti dá ọdún tí kòkòrò jẹ padà. A gba ìlérí náà gbọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàdúrà ní òwúrọ̀ ní láti lọ wo ewé àgbàdo rẹ̀ pẹ̀lú. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.