Òótọ́ àbí irọ́? Ọ̀rọ̀ méje tí a máa ń gbọ́ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù Alímọ̀ṣọ́ lásìkò ọjà Jánúárì

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nínú oṣù Jánúárì, ẹ yà sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò. Ẹ óò bá pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ tíímù àti aago sí. Nínú ilé, bẹ́ǹṣì ti kún, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, eré kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ tí àríyànjiyàn ti gbóná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bi yín: ta lẹ fẹ́ rà tí ẹ fi máa bá wa lókè tábìlì?”

“Ìwọ àbúrò yìí, ta ló sọ fún ẹ pé a nílò ẹnikẹ́ni?”

Ọjà Jánúárì yìí kì í ṣe ohun àtayébáyé. Sáà 2002/03 ni líìgì England bẹ̀rẹ̀ ètò pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kílọ́ọ̀bù lè ra agbábọ́ọ̀lù: kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àti láàárín rẹ̀ nínú oṣù Jánúárì. Lágbègbè wa, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Àwọn ọ̀rẹ́ ti torí rẹ̀ bá ara wọn yodì, àwọn kan sì ti fi owó oúnjẹ ilé ta tẹ́tẹ́ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé kílọ́ọ̀bù wọn fẹ́ ra sítíráíkà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ wò, ká sì ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́.

1. “Kílọ́ọ̀bù tó bá náwó jù ní Jánúárì ló máa rẹ́rìn-ín lópin sáà.”

Irọ́.

Ní Jánúárì 2023, Chelsea ra agbábọ́ọ̀lù méje, wọ́n sì yá ẹ̀kẹjọ, João Félix, lọ́wọ́ Atlético Madrid. Pọ́n-ùn mílíọ̀nù 106.8 ni wọ́n san lórí Enzo Fernández nìkan. Kílọ́ọ̀bù kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan rí títí di ọjọ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí ni pé àjọ UEFA kì í gbà kí kílọ́ọ̀bù fi ju ẹni tuntun mẹ́ta lọ kún orúkọ àwọn tó máa gbá Champions League láàárín sáà. Enzo, wíńgà Mykhailo Mudryk àti Félix ni wọ́n mú. Benoît Badiashile, dífẹ́ńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wà lára àwọn tó ń wòran. Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, wọ́n lé kóòṣì Graham Potter. Ipò 12 ni wọ́n parí sí, pẹ̀lú póìǹtì 44, gólì 38 péré ni wọ́n sì gbá wọlé nínú eré 38.

Ẹ tún wo Jánúárì 2025. Manchester City ra Omar Marmoush, Abdukodir Khusanov, Vitor Reis àti Nico González, owó náà sì lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 150. Liverpool kò ra ẹnì kankan. Ní oṣù kẹrin, nígbà tó ṣì ku eré mẹ́rin, Liverpool na Tottenham 5-1, wọ́n sì gba líìgì. Póìǹtì 84 ni wọ́n fi parí. City ní 71, ipò kẹta ni wọ́n wà. Àwọn ẹni tuntun yẹn ran City lọ́wọ́ láti padà sí Champions League, ṣùgbọ́n líìgì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dé.

2. “Ẹni tí wọ́n bá rà láàárín sáà kì í wúlò.”

Irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì 2011, Chelsea san pọ́n-ùn mílíọ̀nù 50 lórí Fernando Torres. Liverpool tó tà á san mílíọ̀nù 35 lórí Andy Carroll lọ́jọ́ kan náà. Gólì kan ṣoṣo ni Torres gbá fún Chelsea láàárín ìgbà náà sí òpin sáà. Carroll ní tirẹ̀, ara rẹ̀ kò dá nígbà tí wọ́n rà á. Oṣù kẹta ló tó wọ pápá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, Liverpool kan náà ra Luis Suárez ní owó tó kéré sí ti Carroll gan-an, òun ló sì di ọ̀gá gbogbo wọn.

Virgil van Dijk dé Liverpool ní Jánúárì 2018 ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 75. Kì í ṣe ìrà pàjáwìrì. Láti àárín ọdún 2017 ni wọ́n ti ń wá a. Nígbà tí Southampton fárí gá, Liverpool tọrọ àforíjì, wọ́n sì dúró. Wọ́n ní sùúrù fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó bá iṣẹ́ mu, dípò kí wọ́n ra ẹni tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀. Ní 2019, wọ́n gba Champions League. Ní 2020, wọ́n gba líìgì.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Wilfred Ndidi, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, kúrò ní Genk lọ sí Leicester ní Jánúárì 2017. Leicester ti gba líìgì ní 2016, wọ́n sì ta N'Golo Kanté fún Chelsea lẹ́yìn rẹ̀. Àárín pápá wọn dòfo, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n pé wọ́n máa já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá ni wọ́n nílò, iṣẹ́ tí Ndidi sì mọ̀ jù nìyẹn. Ipò 12 ni wọ́n parí sí, Ndidi sì di òpó kílọ́ọ̀bù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

3. “Torí pé Arsenal ò rí Mudryk rà ni wọn ò fi gba líìgì 2023.”

Irọ́ gbáà.

Lóòótọ́, Arsenal fẹ́ Mykhailo Mudryk, Chelsea sì já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Mudryk kò gbá gólì líìgì kankan fún Chelsea ní ìyókù sáà náà. Leandro Trossard tí Arsenal rà dípò rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta lélẹ̀ fún gólì mẹ́ta nínú eré kan ṣoṣo ní ilé Fulham.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta, William Saliba, dífẹ́ńdà àárín wọn, farapa nínú eré Sporting Lisbon. Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n ta 2-2 pẹ̀lú Liverpool, 2-2 pẹ̀lú West Ham, 3-3 pẹ̀lú Southampton, City sì nà wọ́n 4-1. Gólì mọ́kànlá ló wọ ilé wọn nínú eré mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Wọ́n ti ń fi gólì méjì ṣíwájú Liverpool àti West Ham kí àwọn yẹn tó dá a padà. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í ra ilẹ̀kùn tuntun. Ẹ̀yìn ni Arsenal ti jò, wíńgà kò lè dí i. Póìǹtì 84 ni wọ́n ní, City ní 89.

4. “Ẹni tó bá wà lókè tábìlì ní Kérésìmesì ló máa gba ife.”

Òótọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi búra.

Liverpool wà lókè ní Kérésìmesì sáà 2008/09, 2013/14, 2018/19 àti 2020/21. Wọn kò gba ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 2018/19, póìǹtì 97 ni wọ́n kó jọ, City sì fi ẹyọ kan jù wọ́n. Arsenal náà wà lókè ní Kérésìmesì 2022 àti 2023, City ló gba líìgì lọ́dún méjèèjì. Síbẹ̀, Liverpool wà lókè ní Kérésìmesì 2024, wọ́n sì gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n ìrètí kílọ́ọ̀bù rẹ̀, kó wo ohun mìíràn kún ipò: iye eré tó kù, àwọn tíímù tí wọn kò tíì bá pàdé, àwọn tó farapa, àti bóyá wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdajì ọ̀nà péré ni Kérésìmesì.

5. “Bí wọ́n bá ti rí agbábọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti parí.”

Irọ́. Ọmọ Super Eagles ló kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì 2013, Peter Odemwingie wa mọ́tò rẹ̀ láti West Brom lọ sí pápá QPR ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn oníròyìn bá a nínú mọ́tò, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ohun tó kù ni pé kílọ́ọ̀bù méjèèjì kò tíì fẹnu kò. QPR kò jẹ́ kó wọlé, ọjà sì tì mọ́ ọn lórí. Ó padà sí West Brom.

Kílọ́ọ̀bù tó ń tà àti èyí tó ń rà gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí owó. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà sí owó oṣù tirẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ líìgì kí aago tó lù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti fọ́. Nítorí náà, fọ́tò tí wọ́n yà ní pápá ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ẹ̀rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́. QPR fúnra wọn ra Loïc Rémy àti Christopher Samba lóṣù yẹn. Ipò ìkẹyìn ni wọ́n parí sí, wọ́n sì já sí ìpele ìsàlẹ̀.

6. “Ighalo ò gbá gólì kankan fún Man U nínú líìgì.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì gbọ́ ìyókù.

Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United. Wọ́n yá a lọ́wọ́ Shanghai Shenhua ní ọjọ́ tí ọjà tì ní Jánúárì 2020, nígbà tí ẹ̀yìn ń dun Marcus Rashford. Ó gbá gólì márùn-ún: ọ̀kan sí Club Brugge, méjì sí Derby, ọ̀kan sí LASK, ọ̀kan sí Norwich. Europa League àti FA Cup ni gbogbo rẹ̀. Kòrónà dá líìgì dúró láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà, Rashford sì ti gbádùn kí wọ́n tó padà. Àlàfo tí wọ́n mú Ighalo wá dí ti dí fúnra rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. Ó yẹ ká fi bọ̀wọ̀ fún un.

Bruno Fernandes tó dé lóṣù kan náà bá àlàfo tí kò dí: United kò ní ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn gólì láti àárín. Gólì mẹ́jọ ló gbá nínú eré líìgì 14, United sì ti ipò karùn-ún gòkè sí ìkẹta.

7. “Irú ìdíje gbígbóná báyìí ò sí ní líìgì tiwa.”

Irọ́, èyí ló sì dùn mí jù nínú gbogbo wọn.

Ní oṣù kẹfà 2023, líìgì Nàìjíríà parí pẹ̀lú Super Six ní pápá Mobolaji Johnson ní Oníkàn. Tíímù mẹ́fà pàdé, ọ̀kan ló máa gba ife. Láti Ìkọ̀tún, ẹni tó bá jí ní kùtù lè débẹ̀ kó sì padà sùn nílé. Póìǹtì Enyimba àti Remo Stars dọ́gba; iye gólì ni Enyimba fi gba ife wọn kẹsàn-án. Ní 2024, Rangers gba líìgì, Remo Stars tún ṣe ìkejì.

Ohun tó wọ́pọ̀ nílùú yìí ni pé kí wọ́n lé kóòṣì, kí wọ́n sì kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù dànù. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Remo Stars, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi kóòṣì wọn, Daniel Ogunmodede, sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń tún ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹrin 2025, oṣù kan náà tí Liverpool gba tiwọn láìra ẹnikẹ́ni ní Jánúárì, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí eré ṣì kù nílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ni ká wá mú lọ sílé ìwòran?

Ìbéèrè mẹ́ta péré. Àlàfo wo gan-an ló wà nínú tíímù náà? Ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́ rà ti ṣe iṣẹ́ yẹn níbòmíràn rí, tí ara rẹ̀ sì dá? Eré mélòó ló kù tó lè fi ṣe é? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́ta yìí kó tó pariwo, àgbà àti èwe ló máa tẹ́tí sí i, ì báà ṣe ọmọ Arsenal, Chelsea tàbí Man U.

Ní ti ẹni tó fẹ́ mú owó ilé-ìwé ọmọ lọ ta tẹ́tẹ́ nítorí ìròyìn ọjà, mo bẹ̀ ọ́, fi owó náà sílẹ̀. Torres gba owó oṣù rẹ̀ pé pérépéré ní ìdajì sáà tó gbá gólì kan ṣoṣo fún Chelsea. Kò sí kílọ́ọ̀bù kan ní England tó máa bá ọ san owó ilé-ìwé padà.