Kí A Tó Kó Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dà Nù

Bí ẹ bá yà sí yàrá kọ̀ǹpútà wa, ẹ ó rí i pé àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ti lọ́jọ́ lórí. Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a kó wọn dà nù, kí a sì bu owó tuntun lé àwọn òbí. Èrò tèmi yàtọ̀.

Ohun tí ó sábà máa ń mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ́ bí ìgbín ni pé àyè ìrántí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní RAM, kéré. Ẹ wo ìyá aláṣọ lọ́jà. Àtẹ iwájú rẹ̀ ni RAM. Yàrá tí ó ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ni dísìkì. Bí àtẹ bá kéré, gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá béèrè aṣọ ni ìyá yóò máa sáré wọ yàrá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ní gígábáìtì 2 ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá sọ ọ́ di 8, ara yóò tù ú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo RAM ni ó bá gbogbo ẹ̀rọ mu. Akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kan fi tìfẹ́tìfẹ́ kó mẹ́wàá ránṣẹ́. Kò sí ọ̀kan tí ó wọlé. DDR4 ni ó rà, DDR3 ni ẹ̀rọ wa ń gbà, àlàfo etí wọn kò sì sí lójú kan náà. Èmi ni mo jẹ̀bi, n kò sọ fún un. Bákan náà, Windows oníbíìtì 32 kò lè lò ju gígábáìtì 4 lọ, iye yòówù tí a bá kì bọ̀ ọ́.

Ní ti owó, DDR3 àlòkù ṣì wà lọ́jà, nítorí a ń tú u lára ẹ̀rọ tí ó ti kú. Èyí tuntun ni ó gbówó lórí gan-an láti ọdún 2025, nígbà tí Samsung, SK Hynix àti Micron, tí wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lágbàáyé, kọjú iṣẹ́ wọn sí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ó ń gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá ró.

Ìṣòro kan wà tí RAM kò lè yanjú. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Linux ni a ń fi sí irú wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún ìwé títẹ̀ àti ìṣirò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí ó jọ̀wọ́ béèrè kí ó tó rà. A ti kọ irú RAM tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà sí ara rẹ̀ báyìí.