Ẹni Tí Ó Lé Onílù Síta, Eré Ni Ó Lé

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a bá àwọn òbí jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ṣe eré Ṣàngó fún wa. Àwọn ọmọ náà gbìyànjú púpọ̀, nítorí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kọ́ wọn láìgbàgbé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò kí Ṣàngó jáde, orin inú ẹ̀rọ ni a gbọ́. Alubàtá tí òbí kan mú wá jókòó sí abẹ́ igi ní ìta, ó gbé ìlù rẹ̀ lé itan, nítorí a ti sọ fún un pé ìlù kò sí nínú ètò ọjọ́ náà.

A kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò sì ní èrò búburú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà tó èyí tí a lè kọ̀wé lé lórí, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ohun tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde di ohun tí òkèèrè gbọ́.

Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí, ṣe àkójọ orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Àwọn àgbà ìjọ wí pé ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Ládípọ̀ kò jà, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ìlù náà nù. Ní ọdún kan náà, ó kó orin rẹ̀ wá sí Ìbàdàn níhìn-ín, sí ẹgbẹ́ Mbari, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ayàwòrán ti ń pàdé. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó mú padà lọ sí Òṣogbo ní ọdún 1962, tí ó fi dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èdè Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n ń pè é ní Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni ń wí pé: bí mo bá rí i, n ó yọ̀.

Kí ni ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí dá? Àwọn kan rò pé ńṣe ni ó kọ eré tán kí ó tó wá ìlù, ijó àti aṣọ láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dọ̀ Ládípọ̀, òṣeré ni ìlù, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ẹ wo Ọba Kò So, eré tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1963. Nígbà tí Tìmì àti Gbọ̀nńká kojú ara wọn níbẹ̀, ọfọ̀ ni ohun ìjà wọn, oorun ni ó sì gbé Tìmì lọ. Oríkì ni a fi ń mọ ẹni tí ọba jẹ́. Nígbà tí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ bá jáde bí Ṣàngó, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí Abíọ́dún aya rẹ̀ sì ń ṣe Ọya, bàtá ni ó ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ tán. Bí ẹ bá yọ ìlù kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni ẹ yọ. Ẹsẹ̀ eré náà ni ẹ gé.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ náà gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1965 wọ́n sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n wò wọ́n níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́, nítorí ijó, aṣọ àti ìlù ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ògiri láàárín òṣeré àti ayàwòrán ní Mbárí Mbáyọ̀. Ijó ni Twins Seven-Seven kọ́kọ́ ń jó pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ kí ó tó di ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn. Òṣeré ni Rufus Ògúndélé. Jimoh Buraimoh ni ó ń tọ́jú iná mànàmáná orí ìtàgé. Lẹ́yìn náà ni ó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Múráínà Oyèlámì ṣe eré, ó lu ìlù, ó ya àwòrán, ó sì tún wá di olùkọ́ ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nínú eré kan ṣoṣo ni iṣẹ́ mìíràn ti là sí wọn lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé Òṣogbo nìkan ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó múlé ti Bódìjà, ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti sọ ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu di eré olórin ní ọdún 1963, tí Demas Nwoko, ayàwòrán, sì ṣe ìtàgé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Òǹkọ̀wé kan, òṣeré kan, ayàwòrán kan: mẹ́ta di ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò wí. Wọn yóò wí pé ìdánwò ń bọ̀, pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni a ó bi ọmọ léèrè. Òótọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ Ọba Kò So sí ìwé ní ọdún 1972, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kà á tí kò gbọ́ bàtá rẹ̀ rí, ìdajì ni ó kà. Àwọn mìíràn yóò wí pé ìlù òrìṣà ni. Ẹ̀rù tí ó ba àwọn àgbà ìjọ ní ọdún 1961 nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa, dùndún ni a fi ń yin Olúwa, ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ládípọ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Àwọn tí wọ́n bá a ṣeré ń dín kù lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà onílù tí wọ́n mọ ohun tí ìlù ń wí. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olùkọ́ kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe eré, ẹ pe onílù kan wọlé láti ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ìlù ń sọ. Ẹ wá ìyá àgbà kan ní ọjà Bódìjà tí ó mọ oríkì, kí ẹ sì fi í jókòó láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ní gbangba ya àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé, kí èyí tí kò lè yàwòrán jó. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, owó ọkọ̀ onílù kan kò tó owó àsíá kan ní àkókò ìbò.

Alubàtá abẹ́ igi nì kò bínú lọ ilé. Ó dúró títí eré fi parí. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, ó lù ú fún wọn, gbogbo wọn sì yí i ká. Níbẹ̀ gan-an ni eré ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.