Jésù Òyìngbò Àti Àṣà Ìkóbìnrinjọ

Láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977 ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú wáyé ní ilẹ̀ wa. Festac Town, ìlú tuntun tí ìjọba kọ́ sí ọ̀nà Bàdágìrì, tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí, ni ọ̀pọ̀ àlejò dé sí. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn nígbà náà lórí ohun tí í ṣe àṣà ènìyàn dúdú gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan wà ní Maryland, nínú Èkó kan náà, tí ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ẹ̀yìn kún agbo ilé rẹ̀ bámú. Olúfúnmiláyọ̀ Odùmósù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jésù Òyìngbò ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Àdúgbò Òyìngbò tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 ni ó fún un lórúkọ, kí ó tó di pé ó kó lọ sí Maryland. Kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì tàbí àpọ́sítélì; ohun tí ó wí ni pé òun gan-an ni Jésù tí ó padà wá sáyé. Universal College of Regeneration ni ó sọ ìjọ rẹ̀. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n kó dúkìá wọn lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní ti ìyàwó, àwọn ìwé ìròyìn máa ń wí pé wọ́n lé ní ọgbọ̀n, àti pé aya àti ọmọbìnrin àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára wọn.

Ẹnìkan lè dá a láre pé àṣà ìbílẹ̀ ni. Ṣebí àwọn baba ńlá wa kó obìnrin jọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì láàrin àwọn onígbàgbọ́. Nígbà tí àwọn kan ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891, wọn kò ti olóbìnrin púpọ̀ síta. Ní 1917, ọ̀ràn ìyàwó púpọ̀ yìí kan náà ni ó lé àwọn Mẹ́tọ́díìsì kan jáde láti lọ dá èyí tí a mọ̀ sí Ìjọ Ẹlẹ́ja sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ìjọ wọ̀nyí ní àna. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Iye ìyàwó nìkan kọ́ ni àṣà ìkóbìnrinjọ. Alárinà ní láti wà, kí ó wádìí ìdílé méjèèjì wò. Lẹ́yìn ìjọ́hẹn ni ìtọrọ, lẹ́yìn ìtọrọ ni ìdána, àwọn ẹbí yóò sì pé jọ kí ìyàwó tó sunkún lọ sílé ọkọ. Bí ó bá dé ọ̀hún, ìyáálé ni yóò gbà á. Bí ìyà bá sì pọ̀ jù, ó mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀, níbi tí ọkọ yóò ti wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọba kan máa ń gbẹ́sẹ̀ lé wúńdíá tí ó bá wù wọ́n, èyí kò sì dára. Síbẹ̀ ọba ní ìjòyè tí ó lè kọ̀ fún un. Ta ni yóò kọ̀ fún Jésù ní Maryland? Nígbà tí baba ìyàwó jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ọkọ, tí òun pẹ̀lú ń gbé lábẹ́ òrùlé ọkọ, ilé baba wo ni ó kù tí ìyàwó lè sá lọ?

Irú rẹ̀ wà lókè òkun. Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà kéde ní 1890 pé òun kò fọwọ́ sí ìkóbìnrinjọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan kọ̀, wọ́n ya lọ. Warren Jeffs, tí ó jogún ipò olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ya náà lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ ní 2002, a máa gba aya àti ọmọ lọ́wọ́ ọkùnrin tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, a sì fi wọ́n fún ẹlòmíràn. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ ní Texas rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí àwọn ọmọdébìnrin tí ó sọ di ìyàwó. Kò sí alárinà níbẹ̀ náà. Ìfihàn láti ọ̀run ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Odùmósù kò dé ẹ̀wọ̀n gbére. Ó kú ní 1988, ìjà ogún sì bẹ̀rẹ̀ títí ó fi dé ilé-ẹjọ́. Yorùbá ní ètò fún irú èyí. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, níbi tí olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ọn ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà tí a fi ń pín ogún: ọ̀nà mẹ́rin fún ìyá mẹ́rin. A lè ka ìdí-igi Maryland bí wọ́n tilẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ-ẹ̀yìn tí dúkìá rẹ̀ wà nínú ilé náà, tí kì í ṣe aya, tí kì í ṣe ọmọ, kò sí ìdí-igi kankan tí a lè kà á mọ́.