Ẹni Tí Ó Fi Ilé Rẹ̀ Dúró: Ohun Tí Òfin Fi Sílẹ̀ Fún Un

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí àwọn baba wa ti wí i nìyí, ọ̀rọ̀ náà sì bá agbègbè tiwa yìí mu gidigidi, láti Iloffa dé Odò-Ọwà, láti Ìdòfin dé Ọ̀sí. Ọmọ wa a máa ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá kọ́ ilé sí ìlú baba rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ilé yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú tọ ayánilówó lọ nígbà tí ọjà bá kùtà, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá dé, tàbí tí àìsàn bá wọlé.

Nígbà tí gbèsè náà bá wá pọ́n tán, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé onígbèsè a sá pamọ́. A ti ìwé báǹkì bọ abẹ́ ẹní láìtú u. A fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún aya àti ọmọ, títí di ọjọ́ tí àwọn tí yóò lu ilé náà ní gbàǹjo yóò fi dé ẹnu-ọ̀nà. Àwa kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí, nítorí ìtìjú gbèsè kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó yẹ kí a fi yé àwọn ènìyàn wa pé òfin kò ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ onígbèsè. Ilẹ̀kùn náà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń tì. Ẹni tí ó bá pẹ́ ni yóò bá gbogbo wọn ní títì.

Láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ ní gbèsè a máa rán ológò sí ilé onígbèsè. Ológò náà yóò dógò ti ẹnu-ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò sì máa gbé adìẹ àti ewúrẹ́ agbo-ilé, títí ìtìjú yóò fi mú kí ẹbí wá owó náà jáde. Ẹlòmíràn a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà náà bá sì ṣe ni èlé owó. Àṣà méjèèjì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí ó kù títí di òní ni fífi oko tàbí ilẹ̀ dúró, onínú rere sì ni àṣà yìí sí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ẹni tí ó fi ilẹ̀ dúró, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lè san owó náà kí wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn padà. Ẹni tí ó gbà á kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀, kò sì lè tà á. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà fi èyí múlẹ̀ ní 1933 nínú ẹjọ́ Agbo Kofi àti Addo Kofi tí ó ti Gold Coast wá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà sì tún un wí ní 1974 nínú ẹjọ́ Okoiko àti Esedalue. Nítorí náà, bí bàbá ẹnikẹ́ni bá fi oko kòkó dúró nípa àṣà ìbílẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí a fi ọjọ́ pípẹ́ dẹ́rù bà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ilé dúró fún báǹkì pẹ̀lú ìwé òyìnbó ti kúrò lábẹ́ àṣà yìí. Ìwé tí ó fọwọ́ sí ni yóò máa darí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa òní wà fún jùlọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni èyí: ta ni ó ni ilé náà? Bí ó bá jẹ́ ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìpín in, ilé ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà inú ẹbí, àwọn wọ̀nyí lè mú kí kóòtù fagi lé e, bí wọn kò bá fi falẹ̀. Bí ó ti rí fún títà ni ó rí fún fífi dúró. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá gbọ́ pé ẹnì kan nínú wọn ti mú ilé baba wọn tọ ayánilówó lọ, kí wọ́n má ṣe dúró de ọjọ́ gbàǹjo. Kí wọ́n kọ̀wé sí ayánilówó náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè kejì ni pé: irú ìwé wo ni a fi ọwọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ayánilówó ní ìlú wa ni kò gba ohun kan ju ìwé ilẹ̀ lọ, tí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí wọn. Ẹni tí ó bá gba ìwé ilẹ̀ lásán báyìí, láìsí ìwé àdéhùn tí a fi èdìdì òfin sí, kò ní àṣẹ láti dá ilé náà tà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí kóòtù láti gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fún báǹkì ní ìwé ìdúró tí ó pé, tí ó ní èdìdì, ti fún un ní agbára láti tà láìlọ sí kóòtù rárá.

Agbára yìí náà ní ààlà. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìjọba Àríwá ni a wà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1881 tí wọ́n ń pè ní Conveyancing Act ni a sì jogún lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn ará wa ní Ọ̀tùn, tí wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ń lo òfin tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1881 náà ti wí, nígbà tí ọjọ́ owó bá ti pé, ayánilówó kò lè ta ilé àfi bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀. Èkíní, kí ó ti fi ìwé béèrè owó náà, kí oṣù mẹ́ta sì ti kọjá láìsan. Èkejì, kí èlé ti wà nílẹ̀ láìsan fún oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí ó yẹ. Ẹ̀kẹta, kí onígbèsè ti rú àdéhùn mìíràn tí ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí onílé ṣọ́ra, nítorí ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ lè gé àkókò wọ̀nyí kúrú tàbí kí ó pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí ohun tí a kò tíì kà sí i létí ní èdè tí ó gbọ́.

Oṣù mẹ́ta yìí ni ilẹ̀kùn tí ó gbòòrò jùlọ, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn sí. Nínú rẹ̀ ni kí onílé lọ bá báǹkì, kí ó béèrè ìṣirò owó náà ní kíkọ: èló ni ó yá, èló ni ó ti san, èló ni èlé. Kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fa àkókò gùn, kí wọ́n sì pín owó náà sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá gbà, kí ó gba ìwé rẹ̀, nítorí ìlérí ẹnu kì í dúró níwájú adájọ́. Bí ó bá sì rí i pé owó náà kọjá agbára òun, ó sàn kí ó bá báǹkì sọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò ra ilé náà ní iye tí ó tọ́, kí ó san gbèsè, kí ó sì mú ìyókù lọ, ju pé kí a lù ú ní gbàǹjo lọ. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀wọ́n owó mú ayé ní 1933, Ìjọba ibẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó gba gbèsè bí mílíọ̀nù kan onílé lé ara rẹ̀ lórí, tí ó sì fún wọn ní ọdún púpọ̀ láti san án. A kò ní irú rẹ̀ níhìn-ín. Ẹnu onígbèsè fúnra rẹ̀ ni yóò fi bẹ̀bẹ̀.

Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá gbà ńkọ́? Kóòtù wà, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Nínú ẹjọ́ Nigerian Housing Development Society àti Mumuni ní 1977, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé a kò ní dá ayánilówó dúró nítorí pé onígbèsè ń jiyàn iye owó nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a dá títà náà dúró gbọ́dọ̀ kó owó tí ayánilówó ń béèrè wá sí ọwọ́ kóòtù ná. Bákan náà ni ẹjọ́ Eka-Eteh ní 1973 fi hàn pé owó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti ba títà jẹ́, àfi bí ẹ̀tàn tàbí àjọgbìmọ̀ búburú bá wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti tà á tán ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, ìràpadà ti parí. Ohun tí ó kù fún onílé ni ìyókù owó lẹ́yìn gbèsè, èlé àti ìnáwó títà. Tirẹ̀ ni ìyókù yìí nípa òfin. Kí ó béèrè rẹ̀ láìtijú.

Àwọn kan a máa wí pé, "A kò gba àṣẹ Gómìnà sí ìwé náà, òfo ni." Òtítọ́ ni pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè àṣẹ yìí, tàbí àṣẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìgbèríko, fún àwọn ará Òkè-Ẹ̀rọ̀, Iloffa níhìn-ín ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ náà wà. Òtítọ́ sì ni pé ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ìwé ìdúró kan di òfo nítorí àìsí àṣẹ yìí. Ṣùgbọ́n ní 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu, ilé-ẹjọ́ kan náà kọ̀ láti jẹ́ kí onígbèsè jèrè nínú àṣìṣe ara rẹ̀, nítorí òun gan-an ni ó yẹ kí ó wá àṣẹ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ara lé ọ̀pá yìí nìkan.

Ọ̀ràn ayánilówó tí kì í ṣe báǹkì yàtọ̀. Láti ayé Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ti ń béèrè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì ní ìwé tí ó ń kọ gbogbo owó tí ó yá ènìyàn sí. Nínú ẹjọ́ Kasumu àti Baba-Egbe, tí ó ti Nàìjíríà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1956, ayánilówó kò pa ìwé náà mọ́ bí òfin ti wí. Àwọn adájọ́ ní kí a dá ìwé ohun ìní onígbèsè padà fún un, wọn kò sì fi sísan owó náà ṣe ọ̀ranyàn kí ó tó gbà á. Nítorí náà, kí ẹni tí ayánilówó àdúgbò ń halẹ̀ mọ́ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò bóyá ẹni náà ní àṣẹ. Bí ó bá sì jẹ́ ọlọ́pàá ni ó fi ń dẹ́rù bà á, kí ó mọ̀ pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan.

Ẹni tí kò fi ilé dúró rárá, ṣùgbọ́n tí a dá lẹ́bi gbèsè ní kóòtù, náà ní ààbò. Ẹrù àti ohun ìní tí ó ṣeé gbé ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Kóòtù gbọ́dọ̀ fún ni láṣẹ kí a tó fi ọwọ́ kan ilé, ìdájọ́ Májísíréètì kò sì lè ta ilé àfi nípasẹ̀ Ilé-ẹjọ́ Gíga. Bí a bá sì tà á ní ọ̀nà àìtọ́ tí ó pa onílé lára, ọjọ́ 21 péré ni ó ní láti bẹ kóòtù kí ó fagi lé e.

A lè bi wá pé, níbo ni tálákà yóò ti rí owó agbẹjọ́rò? Ìjọba dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jùlọ lọ, kí ó tọ̀ wọ́n lọ, kí ó sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ dání.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe gbogbo ilé ni a ó lè gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó yá owó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹ̀tọ́ sì ni kí ó san án. Ẹni tí ó yá ẹgbàáfà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàáfà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀ láàrín ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ ta ilé rẹ̀, tí ó sì fi ìyókù bẹ̀rẹ̀ ayé, àti ẹni tí a lé jáde pẹ̀lú aya àti ọmọ láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwé tí ó wà lábẹ́ ẹní yẹn, ẹ tú u lónìí. Ẹ fi han aya yín, ẹ fi han ọmọ tí ó mọ̀wé, ẹ sì kà ọjọ́ tí a kọ sí i.