Ẹ Bá Ọmọ Yín Dé Pápá

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n ní Burlington, bí ọmọ yín bá fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń fi rédíò darí, ẹ má ṣe rà á fún un kí ẹ sì kọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ẹgbẹ́ tó ní olùkọ́. Ẹ bá a lẹ ìyẹ́ igi balsa pọ̀. Ẹ rí i pé ìrù ọkọ̀ náà kò wúwo jù, nítorí irú èyí kì í pẹ́ já lulẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ lè gé ìka. Bátìrì lithium tó bá fara pa lè gbiná. Láti ọdún 2019, òfin Kánádà kò gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 láyè láti darí ọkọ̀ tó wúwo tó gíráàmù 250 láìsí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí nítòsí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí tiyín wà níbẹ̀.