Ààrò Ìyá Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìdí ààrò ni kíláàsì ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀ sì ni olùkọ́. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún méje lọ a ti máa gbálẹ̀, a máa pọn omi, a sì máa jókòó ti ìyá rẹ̀ bí ó ti ń sẹ́ ògì. Ìyá kì í sọ púpọ̀. "Wo ọwọ́ mi" ni gbogbo àlàyé. Bí ọmọ bá ṣì í ṣe, ìyá a gbà á, a ṣe é lójú rẹ̀, a sì dá a padà fún un. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ a mọ ohun tí ẹnu kò lè là yé ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí inú ilé. Nínú àṣà wa, obìnrin ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun ni ó sì ń ná an bí ó ti fẹ́. Ohun tí ó kọ́ nídìí ààrò ni ó ń gbé lọ sọ́jà: gààrí, àdín, ọṣẹ dúdú àti irú. Ẹ jẹ́ kí a wo irú nìkan. A ó se wóró rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó rọ̀. A ó gún un tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́. A ó ṣàn án mọ́, a ó sì tún un sè. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ gbọnin nínú igbá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí yóò fi máa fà. Kò sí aago tí ó ń sọ fún ìyá pé ó ti tó. Ìgbóná igbá àti òórùn rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ilé, aṣọ rírán, òwú híhun àti kéèkì yíyan ni wọ́n gbé ṣíwájú. Ní ọdún 1987, Maryam Babangida, aya olórí ìjọba ológun ìgbà náà, dá ètò Ìgbé-Ayé Tó Dára fún Obìnrin Ìgbèríko sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí "Bẹ́tà Láìfù". Ètò náà mú kí ọ̀rọ̀ obìnrin oko di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ilé kì í sábà bèèrè: kí ni obìnrin yìí ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀? Kéèkì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ìyẹ̀fun àti bọ́tà ní abúlé, níbo ni wọn yóò sì ti yan án?

Ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀wà sóyà gbà wọlé. Kí òmìnira tó dé ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Benue ti ń gbìn ín fún títà sí òkè òkun, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kò kà á sí oúnjẹ. Ó le, òórùn rẹ̀ kò sì bá ènìyàn lára mu. Bẹ́ẹ̀, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹ̀wà tí a ń jẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ó jẹ́ ẹ̀kọ mímu nìkan ni ó kù fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí ara rẹ̀ kò sì le.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí ó wà ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí IITA, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé sóyà tọ àwọn obìnrin lọ. Wọn kò gbé oúnjẹ àjèjì kalẹ̀. Wọ́n fi hàn pé bí a bá da sóyà sínú omi tí ó ti ń hó, dípò omi tútù, òórùn rẹ̀ yóò dínkù. Ohun tí ó kù ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá. Wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Wọ́n fi omi kíkan orí ògì sọ wàrà rẹ̀ di dídì, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe irú. Lónìí, wàrà sóyà wà lórí igbá àwọn olùkiri ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, irú sóyà sì wà lọ́jà. Ahọ́n àgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti irú gidi; nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ń tà á máa sọ ọ́ fún oníbàárà.

Ẹni tí yóò kọ́ obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ tuntun, ìkòkò rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ ṣí wò. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn ń bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ti lọ sí ilé-ìwé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdí ààrò ń ṣófo, ìmọ̀ àwọn ìyá àgbà sì ń bá wọn wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí ìyá àgbà nígbà ìsinmi, kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má lé wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.